Obìnrin Orí Yìnyín

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń dúró lójú kan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí mo ń wo obìnrin kan tó ń sáré. Ẹ̀ṣọ́ ni mí nínú mùsíọ́mù kan ní Houston láwọn ọdún 1990. Yàrá tí mo ń ṣọ́ kéré, ó tutù, èèyàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀. Àwòrán kan ló kọjú sí mi. Àwọn Faransé ló yà á sára òkúta, tí wọ́n sì fi òkúta náà tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: àwọn ará Paris tó ń ṣe fàájì lórí odò tó ti di yìnyín, tí wọ́n ń fi bàtà onírin yọ̀ lọ, yọ̀ bọ̀. Obìnrin kan ló ṣíwájú wọn, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, atẹ́gùn ń gbé yẹ̀rì rẹ̀. Bí mo bá wò ó pẹ́, á dà bíi pé ó ti sún síwájú díẹ̀. Màá ṣẹ́jú, màá tún wò ó.

Èmi ò sún síbì kankan lọ́dún yẹn. Mo ti bí ọmọbìnrin kan, ọkàn rẹ̀ ò lágbára, ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò. Ìyá ọkọ mi ti wá láti Ìjẹ̀bú láti wá máa wẹ ọmọ, kò wá sí ọmọ tí wọ́n máa wẹ̀ mọ́. Ọkọ mi á ti gba Baytown lọ síbi iṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́, èmi náà á jáde, á wá ṣẹ́ku Màmá nìkan sínú apartment wa ní Alief. Tí mo bá dé, a ó jẹun, a ó wo tẹlifíṣọ̀n. A kì í mẹ́nu ba ọmọ náà. Mo gbà pé Màmá ń dá mi lẹ́bi ni. Nínú ọgbọ́n tí mo ní nígbà yẹn, ẹni tó bá ti dákẹ́, inú ló ń bí i.

Lọ́jọ́ kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo mú Màmá lọ wo àwòrán náà, nítorí mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè fi hàn wọ́n. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n wò ó títí.

"Orí odò ni wọ́n wà yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Odò náà ti dì."

"Wọn ò sì rì?"

"Wọn ò rì, mà."

"Ṣé irú ẹ̀ wà nílùú yín yìí?"

Nínú ooru Houston! Àmọ́ ó wà: mall kan wà tí wọ́n tẹ́ yìnyín sí láàárín. A wakọ̀ débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìmọ́lẹ̀ ń ti òrùlé onígíláàsì bọ́ sórí yìnyín, àwọn èèyàn ń yí po láìyára, bí ẹni pé ojú oorun ni wọ́n wà. Màmá ní kí n lọ wọ bàtà onírin.

"Màmá, mo máa ṣubú."

"Ṣubú kẹ̀? Ṣebí mo dúró síbí."

Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mi ò dìde mọ́. Ẹkún tí mi ò tíì sun látìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwòsàn ló bọ́. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, Màmá ló ń bọ̀ lórí yìnyín, tàwọn ti sálúbàtà, tí wọ́n ká ìró wọn sókè. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń pariwo, "Ma'am! Ma'am!" Màmá ò tiẹ̀ wo ibi tó wà. Wọ́n rọra jókòó tì mí.

"Mo gbé ọmọ náà lọ́jọ́ kejì tó dáyé," ni wọ́n sọ. "O ti sùn lọ. Mo gbé e, mo sì kì í. Àbẹ̀kẹ́ ni mo pè é. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ."

Ọmọ tí kò pé ọjọ́ mẹ́jọ, tí mo rò pé kò lórúkọ. A jókòó síbẹ̀, omi yìnyín ń rin wá láṣọ, a sì ń pe orúkọ náà, àwọn lẹ́ẹ̀kan, èmi lẹ́ẹ̀kan.

Màmá ti kú báyìí. Mo bí ọmọ méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn náà ti ní ilé tiwọn. Bí èèyàn bá bi mí pé ta ni àkọ́bí mi, mi kì í wolẹ̀ mọ́. Àbẹ̀kẹ́ ni, mo máa ń wí. Ìyá bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ.