Ìdánwò Tíṣà àti Ìdánwò Òyìnbó

Kí tíṣà àgbà wa ní ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ní Ẹdẹ tó ka máàkì, yóò kọ́kọ́ tutọ́ gba ojú fèrèsé. Ọkùnrin náà rí mi lára. Nínú ìdánwò tirẹ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń gbé iṣu wá fún tíṣà ló máa ń ṣe ipò kìíní; ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbẹ̀yìn. Nígbà tí òyìnbó tó ń bẹ àwọn ilé-ìwé wò wá dán wọn wò, ẹ̀gbọ́n mi ló borí. Ọmọ oníṣu kò lè ka ìlà kan.

Bàbá mi bi í pé, "Tíṣà, èwo ni ká gbà gbọ́?"

Ó ní, "Bàbá, ìwé lòyìnbó ń wò. Ìwà lèmi ń wò."

Ọmọ oníṣu ló rán lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi gba oko lọ. Nígbà tí ọmọ oníṣu padà dé, òun ló ń kọ́ àwọn àbúrò mi ní ìwé kíkà.