Kóòṣì Fàsásì, Adelé Tí Ògiri Kò Gbà

Ẹ̀rù ọmọ mi ń bà mí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn mọ́sálásí wa yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú ìkíni. Kamil Fàsásì kú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Doornfontein, ní Jo'burg níbí, lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ pápá básíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí àwọn ọmọ ń sáré yí pápá ká. Wọ́n rò pé ó ń sùn ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe Khalid ọmọ mi, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, wọ́n ní kó máa bọ̀ wá ṣe adelé akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Adelé. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, torí òun ló pa Fàsásì.

Nílé wa, ẹni tó ń ṣọ́ ààfin títí ọba tuntun yóò fi jẹ là ń pè ní adelé. Fàsásì ṣọ́ ààfin tiwọn fún ọdún mẹ́sàn-án. Irú adelé wo ló ń pẹ́ ju ọba lọ?

Bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn eré wọn, ẹ ó rí àwòrán àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà lára ògiri. Mista Jesse ni àkọ́kọ́, ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé agbọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n ní, tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó tọ́ sí i, n kò jiyàn. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni ọkùnrin kan tó máa ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ títí ìdajì wọn fi sá lọ. Òun náà wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé òyìnbó kan sí, ẹni tí wọ́n mú wá láti òkè òkun, tí kò lo ọdún kan pé tó fi ní òtútù Jo'burg ti pọ̀ jù fún òun. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé ìgbà tirẹ̀ ni ẹgbẹ́ gba ife ẹ̀yẹ. Ife wo? Èyí tí Fàsásì ti gbà kí ọkùnrin náà tó sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù!

Láàárín ajágbe àti òyìnbó, Fàsásì ni. Nígbà tí òyìnbó lọ, Fàsásì náà ni, títí ikú fi dé. Kò sí àwòrán rẹ̀ níbì kankan. Ta ló ń fọn fèrè ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Àǹjọ̀nú ni?

Mo mọ ọkùnrin yìí. Ilé wa ní Turffontein ló ti máa ń ṣínu nígbà ààwẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Khalid, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyá Khalid, ọmọ yín ga bí òpó iná o, àmọ́ iná ò tíì tàn ńbẹ̀." Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa mí. Ó kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń ṣubú tí ọwọ́ kì í fi í kán. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù tán, á dúró ti àwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ robot, iná tó ń darí ọkọ̀, títí táksì á fi kún, nítorí ìlú yìí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Lọ́dún tó kọjá ni mo rí i tó ń fọwọ́ pa àyà. Mo ní kó lọ sí ọsibítù. Ó ní, "Ìyá Khalid, bí mo bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún oṣù kan, wọn ò ní dá a padà fún mi. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n so pámíìtì tí mo fi ń gbé ìlú yìí mọ́. Tí mo bá kúrò, mo di arúfin. Tí mo bá dúró, àyà yìí náà nìyí." Ó wá béèrè bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ kù.

A sin ín lọ́jọ́ tó kú gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú yìí sì mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé ni àwọn onílùú ń sin òkú tiwọn: òkú á dúró de ẹbí, á dúró de bọ́ọ̀sì àti àgọ́. Àṣà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni pé bí òṣìṣẹ́ wọn bá kú, wọ́n á kó àwọn ọmọ lọ síbi ìsìnkú lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé àwòrán olóògbé kọ́ ní gbọ̀ngàn. Wọ́n pe Shukurat, ìyàwó Fàsásì, pé Sátidé wo ni. Ó ní, "A ti sin ín." Wọ́n ní kò burú. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí àwòrán.

Ta ló yẹ kó là wọ́n lọ́yẹ̀? Àlàájì Wàídì Túbọ̀sún ni, ọ̀gá eré ìdárayá níbẹ̀, ọmọ wa tó ń gbé Midrand, tó máa ń kírun ní sàfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú, ní mọ́sálásí wa. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì.

"Ìyá Khalid, ó dun gbogbo wa. Àmọ́ ẹ ti sin ín kí a tó béèrè ọjọ́ ìsìnkú. Bọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀ fún Sátidé o."

"Àlàájì, ṣé òkú Mùsùlùmí máa ń dúró de bọ́ọ̀sì ni?"

"Èmi mọ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ni kò mọ̀."

"Kí wá ni ẹnu yín ń ṣe láàárín wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, adelé ni. Kódà tó bá jẹ́ Sátidé lẹ sin ín, ògiri yẹn kì í gba adelé."

Àlàájì, ẹ̀yin tí wọ́n sin bàbá yín ní Ìwó kí bàálù yín tó balẹ̀, tí gbogbo wa wá kí yín, ṣé ẹnikẹ́ni bi yín pé Sátidé wo?

Ní báyìí, ọmọ mi ló ń fọn fèrè. Mo bi í pé pámíìtì rẹ̀ ńkọ́. "Mọ́mì, relax. They'll tie it to the job. Ó máa shap." Ìyẹn ni pé wọ́n á so ó mọ́ iṣẹ́ náà, kò séwu. Ojú rẹ̀ wà lórí fóònù. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ẹ ó ní kí n fi í sílẹ̀. Báwo? Bí mo bá ní kó kọ̀ ọ́, mo ti lé e kúrò nílùú. Bí mo bá ní kó gbà á, ṣé kì í ṣe ọ̀nà Fàsásì ni mo tì í sí? Ọ̀nà méjèèjì ti dí, èmi ni mo sì bí i.

Àlàájì, mo fẹ́ kí ẹ gbé àwòrán Kamil Fàsásì sí àyè rẹ̀, láàárín ajágbe àti òyìnbó, kí ẹ kọ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dá ife rẹ̀ padà fún un. Ẹ sọ fún gbogbo wa ẹni tó pinnu pé kó ṣe adelé títí tó fi kú. Lẹ́yìn náà, ẹ gba Khalid síṣẹ́ gidi, tàbí kí ẹ yọwọ́ lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ tètè fèsì. Ní Yorùbá ni kí ẹ kọ ọ́ o, torí Khalid kò lè kà á, kò sì tíì mọ̀ pé mo bá yín sọ̀rọ̀.