Mo Ṣí Iṣẹ́ Mẹ́ta Pọ̀, Kọ̀ǹpútà Ò Gan

Lónìí ni mo rú òfin Ọ̀gá Mufu níṣojú wọn, iṣẹ́ ò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ mi!

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ wa n'Íkẹjà, iṣẹ́ méjì kì í gba inú ẹ̀. Tóo bá ṣí lẹ́tà láìtíì ti ìwé orúkọ òṣìṣẹ́, á gan pa, gbogbo ohun tóo tẹ̀ á sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi kọ ọ́ sí páálí, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: TI Ọ̀KAN KÓO TÓ ṢÍ ÈKEJÌ.

Láàárọ̀ yìí ni kọ̀ǹpútà tuntun dé, àkọ́kọ́ látìgbà tí SAP, ètò ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ti wọlé. Ayọ̀ pa mí, mo gbàgbé òfin. Mo ṣí ìwé orúkọ, mo ṣí lẹ́tà, mo tún ṣí àwòrán páálí ọṣẹ.

Ni ọ̀gá bá wọlé.

"Rẹ̀mí! Mẹ́ta? Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Òógùn bò mí. Àmọ́ gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́!

Bọ̀dá tó gbé ẹ̀rọ wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú sí i, sà. Ẹ̀rọ yìí ń pín àyè fúnra ẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi àyè ẹ̀ fún èyí tí ẹ ń ṣe. Tí ẹ bá padà sí i, á gbé e wá."

"Láìsí pé mo pariwo pé kí wọ́n ti ọ̀kan?"

"Láìsí ariwo, sà."

Ọ̀gá yọ páálí òfin kúrò lára ògiri. Mo ní wọ́n fẹ́ ya á ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ atẹ́gùn sí mi.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣí ìkẹrin ká wò ó."

Ẹ̀yin ńkọ́? Òfin wo ló wà lára ògiri yín tó ti tó fi ṣe abẹ̀bẹ̀?