Agogo Valbrune Tó Ń Lù Lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́ tí mo pàdé ọmọ bíbí Valbrune nínú ọkọ̀ ojú irin ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láéláé. Ìlú kékeré ni Valbrune ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé. N kò débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń wo fídíò rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi: ìdí tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn fi ń lu wákàtí kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi àti ìyàwó mi ń darí lọ sílé wa ní Parkchester, ní New York, nígbà tí mo rí orúkọ ìlú náà lára àpò màmá arúgbó kan. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ibẹ̀.

“Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.”

Inú mi dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo mọ̀: afárá olójú mẹ́ta, igi mọ́kànlá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

“Méjìlá ni,” ni màmá wí.

Mo ní mọ́kànlá ni. Mo ṣì ń kà á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, tí ilẹ̀kùn sì tì.

“Bàbá Démiládé,” ni ìyàwó mi wí, “ọ̀rọ̀ agogo yín ńkọ́?”

N kò rí màmá náà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ká ní mo gbà pé méjìlá ni, ǹ bá ti ráyè bi wọ́n. Ṣùgbọ́n mọ́kànlá ni.