Ìdánrawò Láìsí Omi

Títí dòní, bí mo bá fẹ́ pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ṣí i, n ó sì yẹra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọmọ mi ní bàbá àwọn ń bẹ̀rù omi. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ilé panápaná kékeré kan ni mo ti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn Àgídìngbì. Àwọn oníléeṣẹ́ kan ló para pọ̀ dá a sílẹ̀ nítorí ilé ìkẹ́rù wọn. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba fún alágbádá ni, gbogbo wa sì ń retí pé nǹkan yóò yí padà.

Àràárọ̀ Sátidé là ń ṣe ìdánrawò. Rírà là ń ra omi, nítorí náà ọ̀gá wa ti fòfin dè é pé omi inú ọkọ̀, ti iná ni, kì í ṣe ti eré. A ó so rọ́bà mọ́ ọkọ̀, èmi àti ìkejì mi yóò fà á gun orí ilé alájà méjì kan tí kò lórùlé. Ọ̀gá yóò pariwo pé, "Omi!" Awakọ̀ yóò ṣe bí ẹni tó ń yí nǹkan. Àwa náà yóò fẹsẹ̀ tilẹ̀, a ó le ojú bí ẹni pé omi ń tì wá, lẹ́yìn náà a ó dẹwọ́, ó parí. A mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bisikíìtì ẹ̀gbẹ́ wa máa ń dúró wò wá.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìkejì mi. Ó jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Òun ló ń di ẹnu rọ́bà mú, èmi a wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí rọ́bà gbígbẹ náà bá ti wà lọ́wọ́ wa, á sọ fún mi pé, "Ará Èkìtì, rọra o, kí omi má gbé ẹ lọ."

Lóòótọ́ a ti pa iná rí, ṣùgbọ́n iná ìdọ̀tí àti ti àpò ni. Omi díẹ̀ ni awakọ̀ ń tú fún un, orí ilẹ̀ la sì ń dúró sí.

Ìgbà tó yá, wọ́n ní àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ láti Aláùsá wá wò wá. Ọ̀gá ní lọ́jọ́ náà, omi gidi la ó lò, a ó sì lò ó tagbáratagbára. Ẹ̀gbọ́n lọ bá a, èmi náà tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi omi dán an wò lẹ́ẹ̀kan nílẹ̀ níbí. Kò sẹ́ni tó mọ agbára rẹ̀ lókè yẹn nínú wa."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé panápaná tó ń bẹ̀rù omi lòun gbà síṣẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn àlejò jókòó lábẹ́ ìbòòji pẹ̀lú agbádá wọn. A gòkè. Ọ̀gá pariwo omi, a sì fẹsẹ̀ tilẹ̀ bá a ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n omi gidi kì í dé lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá pè é, ó ní láti gùnkè wá. Ara wa ò mọ ìyẹn. Ìgbà tí a dẹwọ́ tán ni rọ́bà wú. Ó gbá ẹ̀gbọ́n láyà, ó sì gbé e kọjá ògiri kúkúrú etí ilé náà sísàlẹ̀. Èmi ṣubú, mo di irin òpó kan mú, rọ́bà ń na ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.

Nígbà náà ni mo gbọ́ àtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ó wà lára eré ni. Ọ̀gá wo ojú wọn. Ó fọn fèrè, àwọn tó ń gbé aláìsàn sáré jáde, wọ́n gbé e bí a ti kọ́ wọn. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Mi ò fi irin náà sílẹ̀ títí omi fi tán nínú ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ò rìn mọ́. Bí mo bá lọ kí i ní Agége, ohun kan ló máa ń bi mí, pé ṣé wọ́n ti ń fi omi ṣe ìdánrawò. N ó ní rárá. Lọ́jọ́ kan, ó béèrè ẹni tó ń di ẹnu rọ́bà mú báyìí. Mo ní èmi ni.

Ó wo ọwọ́ mi títí. "Àbúrò, bí wọ́n bá pè é, má tètè dẹwọ́ o."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá pariwo omi. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi fẹsẹ̀ tilẹ̀, ó dẹwọ́. Èmi ò dẹwọ́. Ọ̀gá ní ó ti parí, kí ni mo tún ń dúró dè.

"Omi tí ẹ pè ni, sà."

Ọjọ́ náà ni wọ́n ní kí n lọ máa ṣọ́ ẹnu géètì, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi kúrò.