Àwọn Ayálégbé Tó Ń Dáhùn sí Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ máa kọ́ni ní Abigi, Màámi nìkan ló kù sínú ilé bàbá wa ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo ní kó bá mi lọ. Ó ní ta ló fẹ́ lọ máa gbé lẹ́bàá omi lọ́jọ́ ogbó. Ọmọ Òkè-Agbó ni, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Tó bá ti ní rárá, ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ọ̀nà Abigi sí Àgọ́-Ìwòyè kì í sì í ṣe èyí téèyàn ń tọ̀ lójoojúmọ́. Bí mo ṣe ronú kan àwọn ọmọ yunifásítì nìyẹn.

Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ ń wá ibi tí wọ́n máa jọ gbé. Mo fún wọn ní yàrá mẹ́rin tó kù nínú ilé, mo sì dín owó rẹ̀ kù. Àdéhùn kan ṣoṣo ni mo bá wọn ṣe: ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú kí ọ̀kan nínú wọn má wà nílé pẹ̀lú Màámi. Ejẹ́ńtì tó mú wọn wá wò mí títí. Ó ní, “Màdáámù, ayálégbé lẹ ń wá ni, àbí ọmọ?” Mo ní kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ kó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù jó ihò iná pálọ̀, ògiri dúdú dé òkè. Wọ́n da ìrẹsì sójú ihò omi ilé ìdáná títí omi fi kọ̀ tí kò lọ mọ́. Orin wọn kì í jẹ́ kí àwọn aládùúgbò gbọ́ àdúrà ara wọn. Láti ẹnu géètì ni mo ti máa ń jágbe mọ́ wọn tí mo bá dé, wọn a sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. “Ẹ má bínú, ma.” Màámi á sì ké láti inú yàrá pé kí n fi àwọn ọmọ òun sílẹ̀.

Wọ́n ń ponmi fún un. Wọ́n ń ka Sáàmù fún un láàárọ̀. Èyí tó jẹ́ Mùsùlùmí nínú wọn kì í ṣínu nígbà ààwẹ̀ láìgbé àkàrà tirẹ̀ fún un. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, ewùrà yún wọn lọ́wọ́, wọ́n ń họra káàkiri ọgbà, Màámi ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí mọ́tò pa lọ́nà Ìbàdàn nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wà nílé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ tí Màámi pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ìpè ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó pè é bí a ti ń pe ẹni tó wà ní yàrá kejì.

“Mà!” ni ẹnì kan dáhùn.

Mo yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí ti Màámi ló jáde, ó gbé omi wọlé tọ̀ ọ́. Nígbà tó jáde, mo fà á lọ sẹ́yìnkùlé, mo bi í pé ta ló ní kó máa jẹ́ orúkọ yẹn.

“Màmá ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ma,” ló wí. “Tí mi ò bá dá wọn lóhùn, wọ́n á máa sunkún.”

Kò bi mí pé ta ló ni orúkọ náà, èmi náà ò sì sọ. Mo fẹ́ gbá a létí, mo tún fẹ́ dì mọ́ ọn. Èmi náà ò mọ èyí tí mo fẹ́ jù.

Nígbà tó ṣe tán ní yunifásítì, ìdààmú bá mi. Àmọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní àṣà kan. Ẹni tó bá ń lọ á fa yàrá rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, pẹ̀lú fóòmù àti fáànù tó wà níbẹ̀. Onílé lè má gbọ́ rárá. Mo dé láti Abigi, mo bá ojú tuntun nínú yàrá yẹn. Kí n tó béèrè ẹni tó jẹ́, Màámi pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tuntun náà ní, “Mà!” Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé bọ̀ọ̀dá tó kó jáde ti sọ fún òun pé ẹni tó bá gba yàrá yìí, orúkọ tó máa jẹ́ nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rọ́pò ara wọn, tí ẹ̀gbọ́n mi kò sì kúrò nílé. Èmi ni mo ń kúrò. Màámi kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ ọkọ mi, ó gbàgbé àwọn ọmọ mi, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti rí mi rí. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi ń bá ọmọ inú yàrá yẹn sọ̀rọ̀, “Wo ti jẹun?” Ní ọjọ́ kan tí mo wọlé, ó gbójú sókè sí mi, ó ní, “Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó.” Màámi, tó bí mi, ló ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. Ó dùn mí wọ eegun.

Ìyá ọmọ tó gba yàrá náà kẹ́yìn ló tú gbogbo rẹ̀ ká. Ó gbé gàrí wá fún ọmọ rẹ̀ láti Awa, ó gbọ́ tí Màámi pe ọmọ náà ní orúkọ tí òun kò sọ ọ́, tí ọmọ sì dáhùn. Ó lọ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, aládùúgbò sì júwe ibojì ẹ̀gbọ́n mi fún un. “Òkú ni wọ́n ń pè, ìwọ lò ń dáhùn?” ló bi ọmọ rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tó kù ti lọ. Mo bú obìnrin yẹn títí ó fi rẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ ọmọ mi, èmi náà á kó ẹrù rẹ̀. Ejẹ́ńtì ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú wá ayálégbé mìíràn, ọ̀rọ̀ ilé wa ti dé etí gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo wá jókòó ti Màámi. Ó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀, ó ń pè é lọ́sàn-án, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá gbé ṣíbí sún mọ́ ọn, á pa ẹnu dé, á ní, “Ẹ ṣeun, mo ń dúró de ọmọ mi.” Ó rù, ó gbẹ. Dókítà ní tí kò bá jẹun, kò sí ohun tí òògùn fẹ́ ṣe.

Ní ọ̀sán kan ó tún pè é. Mo dìde, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dúró lẹ́nu yàrá òfìfo yẹn. Mo mú kí ohùn mi ki bíi ti ọkùnrin.

“Mà!”

“Wo ti dé?”

“Mo ti dé, Màámi.”

Mo wọlé, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé ògì sí i lẹ́nu. Ó la ẹnu. Ó mu ún tán, ó ń fi ọwọ́ pa mí lórí, ó ń kì mí ní oríkì tí kì í ṣe tèmi. Ó wá fà mí mọ́ra, kí ẹlòmíràn má bàa gbọ́.

“Obìnrin kan ń bẹ nínú ulé yìí,” ló wí. “Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Sọ fún un kó máa lọ ilé ìyá rẹ̀.”

Mo ní màá sọ fún un.