Ọjọ́ tí Normat Oníbúrẹ́dì Fẹ́ Gun Òkè Yìnyín

Ogójì ọdún gbáko ni Normat fi ń kọjú sí òkè kí ó tó kọjú sí iná. Bí ó bá ti na ẹ̀yìn tán ní òwúrọ̀, orí òkè tí ó funfun bí irun arúgbó ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bà lé, lẹ́yìn náà ni yóò tó tẹrí ba sí ẹnu ààrò amọ̀ tí ó fi ń yan búrẹ́dì. Síbẹ̀, kò gun òkè náà rí. Àwọn àgbà Tepasoy, ìlú kékeré tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè yìí, gbà pé ẹni tí ó bá rí jẹ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò ní ohun tí yóò wá lọ sí òkè. Normat tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ kúkúrú pé ewúrẹ́ ni ó ń gun òkè, àti àwọn ará Tashkent.

Àwọn ará Tashkent, olú ìlú orílẹ̀-èdè wọn, ni ó ń ra ọjà rẹ̀ jù nígbà òtútù. Wọn a di àwọn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín mọ́ orí mọ́tò, wọn a dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọn a ra búrẹ́dì gbígbóná mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọn a sì ti máa ya ọ̀kan jẹ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mọ́tò. Normat kò fẹ́ràn èyí. Ìjókòó ni ó mọ̀ pé a fi ń jẹ búrẹ́dì. Ohun tí kò fẹ́ràn pọ̀: búrẹ́dì tí a fi gáàsì yan, ìyẹ̀fun tí a kò jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí ó bá dojú búrẹ́dì délẹ̀ lórí tábìlì. Irinṣẹ́ onígi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kan abẹ́rẹ́ irin sí nídìí, tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Òun ni ó fi ń gún àárín búrẹ́dì kí ó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri inú ààrò, àmì rẹ̀ a sì yọ bí òdòdó ẹlẹ́wé méje. Kò sí ọmọdé Tepasoy tí kò mọ òdòdó Normat.

Búrẹ́dì olódòdó kan wà nínú ilé rẹ̀ tí kì í fẹ́ wò. Lórí ìṣó ni ó wà, ní ara ògiri yàrá àlejò. Ó ti gbẹ bí òkúta, ojú eyín ènìyàn sì hàn ní etí rẹ̀. Eyín Zumrad ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Normat bí. Bí ọmọ ilé bá ń rìnrìn àjò ní ìlú wọn, wọn a gbé búrẹ́dì odidi sí i lẹ́nu kí ó gé díẹ̀ jẹ, wọn a sì fi ìyókù kọ́ sí ògiri. Oúnjẹ rẹ̀ kò tíì tán nílé nìyẹn. Dandan ni kí ó padà wá jẹ ẹ́. Ọdún kẹta rèé tí búrẹ́dì Zumrad ti ń retí rẹ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀nà jìn. Wákàtí kan àbọ̀ ni mọ́tò fi ń dé òkè. Ọ̀rọ̀ ni ó jìn. Normat rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kí ó lè di olùkọ́ ìṣirò, ọmọ náà sì di olùkọ́ ìṣirò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ ṣeré lórí òkè, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó kó ẹfun ìkọ̀wé dànù, ó lọ kọ́ bí a ti ń yọ̀ lórí yìnyín, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ pé kí ó máa kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ìdí oúnjẹ ni Normat ti sọ̀rọ̀ náà: "Bí o bá lọ, má padà síbí títí wàá fi rí iṣẹ́ gidi ṣe." Zumrad di ẹrù rẹ̀. Sabohat, ìyá rẹ̀, ni ó mú búrẹ́dì, tí ó sì gbé e sí i lẹ́nu ní ẹnu ọ̀nà.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ìyá àti ọmọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Normat a ṣe bí ẹni pé ó ti sùn lọ lórí àga. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí kì í kọ́kọ́ dín ohùn rédíò kù kí ó tó sùn.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ọkùnrin ará Tashkent kan dúró níwájú ààrò.

"Baba, ẹ kú iná o. Ẹ fún mi ní mẹ́wàá. Ọmọ mi ní dandan ni kí n mú méjì fún olùkọ́ òun lórí òkè."

"Olùkọ́ wo ló wà lórí òkè?"

"Olùkọ́ Zumrad ni o. Háà, Baba! Ọmọ mi yìí, òjìji ara ẹ̀ pàápàá ń bà á lẹ́rù. Ọjọ́ kejì tó dé ọwọ́ obìnrin yẹn, òun ló ń sọ pé kí n máa tẹ̀ lé òun. Kì í jágbe mọ́ ọmọ. Bí ọmọ bá ṣubú, òun náà á ṣubú tì í, wọ́n á wá jọ dìde."

Normat ki ọwọ́ bọ inú ààrò, ó fi ara balẹ̀ yọ méjì tí ó pọ́n jù lọ, ó sì fi wọ́n lé mẹ́wàá náà.

"Baba, ó ti di méjìlá o."

"Ti olùkọ́ ni."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bí ó ti ń mu tíì, ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá Zumrad, òkè yẹn, ṣé àgbàlagbà máa ń gùn ún?"

Ìrẹsì ni Sabohat ń ṣà. Kò gbójú sókè. "Ewúrẹ́ ni mo gbọ́ pé ó ń gùn ún."

"Ṣé ò ń bú mi ni?"

"Rárá o. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mo pọ́n lé." Ó ṣa òkúta kan sọnù. "Ìgbà wo lẹ fẹ́ lọ?"

Báyìí ni ìmúra bẹ̀rẹ̀, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé Normat kì í ṣe ohun kankan láìjọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe Shokir, aládùúgbò tí ó ní mọ́tò, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Shokir wí, "ṣé ẹ fẹ́ yọ̀ ni, àbí ìran lẹ fẹ́ wò? Torí bí ẹ bá fẹ́ yọ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè lọ sọ fún ẹni tó ń to egungun."

"Mọ́tò rẹ ni mo pè, n kò pe ẹnu rẹ."

"Wọn kì í ya ara wọn, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ Àìkú wá ńkọ́? Ẹ̀wù wo lẹ máa wọ̀?"

Normat fi ẹ̀wù òwú rẹ̀ hàn án, èyí tí ó gùn dé agbedeméjì ojúgun. Shokir wò ó títí. "Ilé kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń rìn lórí wáyà lọ sókè. Bí ẹ bá fi èyí wọnú ẹ̀, ẹ fi okùn so etí ẹ̀wù o. Bí atẹ́gùn bá kó sí i, Tashkent la ti máa lọ gbà yín."

Sabohat fẹ́ gbé ìkòkò ìrẹsì dání. Shokir ní wọn kì í dáná níbẹ̀. Normat ní òun yóò yan ogójì búrẹ́dì.

"Ogójì? Ṣé ìgbéyàwó là ń lọ ni?"

"A kì í lọ bá olùkọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ òfìfo."

Nígbà tí ó di Ọjọ́bọ̀, Sabohat pe Zumrad. Normat kò sùn lórí àga lọ́jọ́ náà. Ó sún mọ́ fóònù ni.

"Zumrad, baba kan ládùúgbò wa ló fẹ́ wá wo òkè yín. Kí ló yẹ kó mú dání?"

"Baba wo, Màmá?"

"Baba kan ṣáá ni. O ò mọ̀ ọ́n."

Ikọ́ bọ́ lẹ́nu Normat. Zumrad gbọ́ ọ.

"Ṣé ó máa ń bínú?"

"Ó máa ń bínú tẹ́lẹ̀. Eékún ló ń dùn ún báyìí."

"Ẹ sọ fún un kó má wá lọ́jọ́ Àìkú, èrò máa ń pọ̀. Ọjọ́rú ló dáa. Kó mú awò dúdú dání, torí oòrùn orí yìnyín le lójú ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Kó jẹun níwọ̀nba kó tó gbéra, ọ̀nà yẹn lọ́ bí ìfun. Kó má sì gbàgbé ìbọ̀wọ́, Màmá. Ọwọ́ tó ti ń ki inú iná láti ogójì ọdún, kì í tètè mọ̀ bí òtútù bá ń jẹ ẹ́."

Sabohat wo ọkọ rẹ̀. Normat wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Wọ́n sún ìrìn àjò náà sí Ọjọ́rú. Shokir kó ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n ń dì mọ́ táyà sí ẹ̀yìn mọ́tò. Kò sí awò dúdú ní Tepasoy ju ti wẹ́dà lọ, wọ́n sì yá a. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, búrẹ́dì ogójì ti wà nínú aṣọ, ó ń rú èéfín. Sabohat wọ yàrá àlejò lọ láti ká ẹní. Kò pẹ́ tí ó fi jáde. Ó tọ àpò tí Normat fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì lọ, ó tú u, ó sì fa ohun tí a fi gèlè wé jáde ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Búrẹ́dì gbígbẹ náà ni.

"Bàbá Zumrad, ta ló kú?"

"Kí ni ò ń sọ?"

"Mo ní ta ló kú nílé yìí? Torí òkú nìkan ni mo mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ó wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà bá Normat lójijì. "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo rò pé kí n gbé e lọ bá a ni. Bó bá jẹ ẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí."

"Bó bá jẹ ẹ́ níbẹ̀, kí ló tún máa wá ṣe nílé? Búrẹ́dì kì í rìn, ènìyàn ló ń rìn. Ẹ fẹ́ gbé e lọ kí ẹnu yín má baà sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé."

Normat jókòó sórí àpótí. Ó ti ń yan búrẹ́dì fún àwọn arìnrìn-àjò láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó mọ òfin yìí jù ú lọ. Ó dìde. Ó gba búrẹ́dì náà, ó nù ún, ó gun àpótí, ó sì dá a padà sórí ìṣó.

Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀, Sabohat dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná kan lọ́wọ́. "Bísímílà. Ẹ̀yin náà ń rìnrìn àjò lónìí."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Normat jẹ irú rẹ̀ rí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà náà, wọ́n ń mú un lọ sí iṣẹ́ ológun ní ilẹ̀ òtútù, ìyá rẹ̀ sì dúró báyìí gan-an. Ọdún méjì ni ó lò níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí òtútù bá mú un dé egungun, búrẹ́dì tí ó ń dúró dè é lára ògiri ni ó máa ń rò, pé ibì kan wà ní ayé tí oúnjẹ òun kò tíì tán. Ó la ẹnu, ó sì gé e jẹ.

"Ìṣó kejì kò sí," ni Sabohat wí.

Shokir mú òòlù wá láti inú mọ́tò. "Ẹ̀gbọ́n, wákàtí kan àbọ̀ là ń lọ o. Kì í ṣe Mẹ́kà."

"Kan ìṣó."

Òkè kò rí bí ó ti máa ń rí láti ẹnu ààrò. Láti ìsàlẹ̀, ó dàbí ohun tí ó dákẹ́. Ní orí rẹ̀, ẹ̀rín àwọn ọmọdé ni ó kún ibẹ̀. Normat wọ awò wẹ́dà, kò sì rí nǹkan kan. Ó bọ́ ọ. Nígbà náà ni ó rí obìnrin aláṣọ pupa kan lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọmọ mẹ́fà tò tẹ̀ lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ọmọ tí ó kẹ́yìn ṣubú. Obìnrin náà yí padà, ó yọ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ṣubú gbì. Wọ́n jọ dìde. Ó ṣubú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójú Normat, Normat sì ń kà á.

Zumrad rí ẹ̀wù gígùn náà kí ó tó rí ojú ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ó yọ̀ wá, ó dúró, ó sì kúnlẹ̀ sínú yìnyín.

"Ẹ káàbọ̀, Baba. Ìbọ̀wọ́ yín dà?"

"Ó wà lápò. Dìde, òtútù á mú ọ." Ó gbé ẹrù búrẹ́dì lé e lọ́wọ́. "Mo ti rí iṣẹ́ rẹ. Ìwọ pàápàá ń ṣubú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

Normat wo ìsàlẹ̀ jíjìn, níbi tí Tepasoy ti dàbí ẹ̀kúnwọ́ òkúta. Ọ̀rọ̀ tí ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jọ̀ ti dànù. Èyí tí ó kù ni ó sọ. "Iṣẹ́ gidi ni. Èmi ni mo ṣìwí. Búrẹ́dì mi wà lára ògiri nílé, tìrẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. N kò ní jẹ tèmi bí ìwọ ò bá tíì dé. Máa bọ̀ nílé, ọmọ mi."

Zumrad fi ìbọ̀wọ́ nu imú. "Ọjọ́ Ajé ni ìsinmi mi."

"Ọjọ́ Ajé kò jìn."

Ó sì pa àdéhùn mọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni búrẹ́dì Normat fi wà lórí ìṣó tuntun, Shokir kò sì jẹ́ kí ó gbádùn: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò tíì ti òkè dé ni?" Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n jókòó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sabohat da tíì gbígbóná sínú àwo, wọ́n rẹ búrẹ́dì ọlọ́dún mẹ́ta náà, ó pẹ́ kí ó tó rọ̀.

"Ó le o," ni Zumrad wí.

"Rọra jẹ ẹ́," ni baba rẹ̀ dá a lóhùn. "Má fi sílẹ̀."

Ó jẹ ẹ́ tán, títí dé òdòdó, Normat náà sì jẹ tirẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó di ẹrù rẹ̀ láti padà sí ẹnu iṣẹ́. Sabohat nawọ́ sí búrẹ́dì, ṣùgbọ́n Normat ti mú un. Èyí tí ó pọ́n jù ni ó ṣà, ó fẹ́ eérú kúrò ní ìdí rẹ̀, ó sì gbé e sí ẹnu ọmọ rẹ̀.

"Gé e dáadáa," ni ó wí, "ṣùgbọ́n jẹ́ kó ṣẹ́ kù."